Àmín Tí Mo Ṣe ní Albany Park

Mo rántí pé agolo kan ni mo ń fi téépù dì lẹ́nu nílé ìyá ìyá mi ní Chicago, nígbà tí ẹ̀gbọ́n Yorùbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Skokie fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ níta. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi ló wà nínú agolo náà. Ọdún kan kò tíì pé nígbà náà tí àwọn sọ́jà gba ìjọba ní Nàìjíríà. Bàbá mi wà lára àwọn tó bá ìjọba tí wọ́n lé lọ ṣiṣẹ́, wọ́n sì wá mú un nílé. Sọ́jà tó dúró lẹ́nu géètì wo ìyá mi tó jẹ́ òyìnbó, ó wo èmi tí mo pupa ju gbogbo ọmọ ilé lọ, ó ní, “Ẹ̀yin òyìnbó, ẹ máa lọ sílùú yín.” Ìyáálé ilé wa, tó pọ̀n mí dàgbà, tí mò ń pè ní Màámi, kò ní ìlú mìíràn tó lè lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀. A wọ bàálù, wọ́n kù síbẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n lè máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti òkèèrè ni mo ṣe lọ. Ọmọ ogún ọdún kò ní ṣàì mọ bí a ti ń tan ara ẹni.

Màámi ló ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi lẹ́wọ̀n. Ó ní oògùn ti wọ́n bí ojú. Ẹ̀gbọ́n wá gbọ́ pé ìyàwó bàbá Yorùbá kan ní àdúgbò Albany Park ń lọ sílé, ó sì ní ká gbé agolo náà lọ bá a.

Nígbà tí a débẹ̀, pálọ̀ ti kún. Olúkúlùkù ló gbé ẹrù tirẹ̀ wá: bàtà ọmọ, fítámínì, aṣọ òtútù tí n kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ní Ìbàdàn. Sùúkèèsì kò pa dé.

“Ìyá, ṣé Chicago lẹ fẹ́ kó lọ ni?” ni ẹnì kan bi ìyá onílé.

“Ẹnu yín dùn. Ẹ̀yin tí ẹ sanra, ẹ wá bá mi jókòó lé e.”

Ọkùnrin kan nawọ́ sí mi, ó ní, “Ẹ fún òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n mú wá ní mínírà.” N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́, mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo rò pé mo jẹ́ Yorùbá ju gbogbo wọn lọ.

Bàbá onílé ṣí fìlà láti gbàdúrà fún èrò ọ̀nà. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀.

“Ọ̀nà á dán.”

“Àmín.”

“Ẹrù ò ní sọnù.”

“Àmín.”

“Àwọn olè tó jẹ Nàìjíríà run, tí sọ́jà kó sẹ́wọ̀n, Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n jáde láàyè.”

“Àmín!”

Ohùn mi wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ròkè. Màámi ló kọ́ mi pé a kì í jẹ́ kí àdúrà àgbà balẹ̀. Ẹnu mi ti dáhùn kí etí mi tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ìyá onílé pàtẹ́wọ́. “Háà! Òyìnbó yìí gbọ́ Yorùbá! Ọmọ ta ni ọ́? Kí ló wà nínú agolo yẹn?”

N kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, “Oògùn bàbá mi ni, mà. Ó wà lára àwọn tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà lé lórí.”

Bàbá ní, “A ò mọ̀, ọmọ mi.” Ó wò mí títí. Kò dún bí ẹni ń báni wí nígbà tó ní, “Ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣe àmín.”

“Bàbá, ẹ dákẹ́,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó yọ bàtà ara rẹ̀ kúrò nínú sùúkèèsì, ó sì fi agolo mi sí àyè rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Oak Park ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti dàgbà tó ẹni tí àwọn ọmọdé ń kúnlẹ̀ kí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbàdúrà, mo máa ń gbọ́ ọ parí kí n tó dáhùn, nígbà mìíràn wọ́n á ti bọ́ sórí òmíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò lè la òkun kọjá lọ pa ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n ní ọ̀sán. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá bàbá mi ti kú lẹ́wọ̀n kí ọjọ́ àdúrà náà tó dé, tí àmín mi bá òkú.

Mo bi Màámi nígbà náà lọ́hùn-ún, nígbà tó pè wá lórí fóònù lẹ́yìn tí ìyá onílé ti dé Nàìjíríà. Ó ní ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oògùn wá, àmọ́ òkú bàbá mi ló ṣíwájú rẹ̀ délé. Mo ní, “Ọjọ́ wo ló kú, Màámi?” Ó rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo tún béèrè.

Ó ní, “Wọn ò sọ ọjọ́ fún wa, ọmọ mi. Òkú la rí gbà, a ò rí ọjọ́ gbà.”