Àtẹ̀gùn Ọkọ̀ Badiru

Bí Badrudeen bá ra páálí ìṣáná, á ṣí i lójú ẹni tó tà á, á sì ka igi inú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín láàárọ̀, á bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ń pa onítọ̀hún lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí Muslimah ìyàwó rẹ̀ bá bu ẹran kún ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ náà títí á fi bi í pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oògùn ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí la ó pe tirẹ̀?

Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti àwọn oko ìhà Ilé-Ogbó wá fún àwọn obìnrin tó ń dín gàrí ní Ìwó, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ náà ni mẹkáníìkì kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, yọ bátìrì tuntun inú rẹ̀, tó fi ògbólógbòó dípò. Láti ìgbà náà ni Badiru, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é, kò ti jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Òun ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, òun ló ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn. “Pańsá ò fura, pańsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Onílé tí kò fura, olè ni yóò kó o.” Orin ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀, Ràhámọ̀tù, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ogbó ti dé sí ìyá náà lórúnkún àti ní ìbàdí, kò kàn tí ì dé sí i lẹ́nu ni. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Sàrátù tó lọ́kọ sí Kuta, àìsàn sì ti dá Sàrátù dùbúlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Raheemah, ọmọ Sàrátù, ń pè lórí fóònù pé Màmá ń bèèrè ẹ̀gbọ́n wọn. Ìyá Ràhámọ̀tù kò fẹ́ ohun mìíràn láyé ju kó fojú kan àbúrò rẹ̀ lọ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe lọ? Kẹ̀kẹ́ á gbọ̀n ọ́n fọ́ lójú ọ̀nà oníkòtò yẹn, ọ̀kadà kò sì ṣeé dá lábàá rárá. Ọkọ̀ Badiru ló kù, ọkọ̀ náà sì ga.

Nígbà kan rí, àwọn gìrìpá ọkùnrin gbé ìyá yìí sọ sínú ọkọ̀ náà bí àpò ẹ̀gẹ́. Gèlè rẹ̀ jábọ́, ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, àwọn ọmọdé sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò tún ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ láyé òun, àfi bí òun bá fi ẹsẹ̀ ara òun gùn ún. Badiru mọ̀ pé bí ìyá òun bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, ó parí.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ ra àtẹ̀gùn ní Ìbàdàn: irin gbọọrọ méjì tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹsẹ̀ lè ríbi tẹ̀ kí èèyàn tó wọlé. Ẹni tó tà á ní òun á bá a dè é níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Badiru gba páálí rẹ̀, ó gbọ̀nà ilé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó tẹ́ ẹní àlòkù sábẹ́ ọkọ̀ níwájú ilé, ó tú páálí náà. Ó ka bóòtù, ó pé. Ó tún un kà, ó ṣì pé, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó fún ọ ní ọjà tó pé ti ní láti fi ayédèrú sínú rẹ̀. Ó wá a títí, ó sì rí i. Láàárín àwọn òrùka irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní wáṣà, tí wọ́n ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì, àwọn kan wà tó ya lẹ́nu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là níbì kan, etí kan lọ sókè, èkejì lọ sílẹ̀.

“Mo mọ̀!” ni Badiru kígbe. “Muslimah, wá wo ohun tí ọkùnrin yẹn tà fún mi. Wáṣà tó ti kán ló dì sínú ọ̀rá!”

Muslimah yẹ̀ ẹ́ wò. “Gbogbo rẹ̀ ló kán síbì kan náà, Bàbá Faridah? Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni, ìdí nìyẹn tí Badiru fi fura sí òun náà. Ó kó gbogbo wáṣà tó ya lẹ́nu náà, ó dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ṣàngóbùnmi rí i. Òun ló ni ẹ̀rọ ìlọta tó wà lódìkejì ọ̀nà, Bàbá Ẹyinjú ni gbogbo èèyàn sì ń pè é, nítorí Ẹyinjúolúwa àkọ́bí rẹ̀. Ó ju Badiru lọ lọ́jọ́ orí. Ó nahùn láti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ pé, “Badiru, má da ìyẹn nù o. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe.”

“Ẹ ṣé, Bàbá Ẹyinjú,” ni Badiru dáhùn, ó sì fa ẹní rẹ̀ lọ sí apá ibi tí ọkùnrin náà kò ti ní lè máa wo òun. Kí ló kàn án? Ta ní ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tó ń wo ti ẹlòmíràn? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó de bóòtù títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó parí, ó gun àtẹ̀gùn méjèèjì, ó fò lórí wọn, wọn kò mì. Ó wa ọkọ̀ náà lọ kó ẹ̀gẹ́ ní Ilé-Ogbó, ó sì padà, pẹ̀lú ìdùnnú pé òun kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilẹ̀ ọ̀la kò ní mọ́ tán kí àwọn tó gbọ̀nà Kuta. Ìyá gbàdúrà fún un títí àmín fi kún ẹnu rẹ̀.

Ní ìdájí Jímọ́ọ̀, wọ́n ti kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí, Badiru sì ń ka tẹ̀súbáà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí irin dún. Ìró irin ọkọ̀ rẹ̀ ni. Kò ṣe àṣìmọ̀ rẹ̀ rí, bí ìyá kì í ti í ṣe àṣìmọ̀ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sáré.

Ẹsẹ̀ méjì ló rí, tí wọ́n yọ sóde lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wò. Ṣàngóbùnmi ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, sípánà ní ọwọ́ kan, bóòtù àtẹ̀gùn ní èkejì, àwọn mìíràn sì wà lórí aṣọ àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba Badiru. Òótọ́ inú rẹ̀ ni pé inú rẹ̀ dùn. Gbogbo ọdún tó fi ń fura, ọjọ́ náà rèé.

“Olè!” ló fi ariwo bọnu. “Olè o! Ẹ gbà mí o! Ìwọ Ṣàngóbùnmi, ìwọ lo ń tú ọkọ̀ mi!”

Ó pe ẹni tó jù ú lọ ní ìwọ. Gbogbo àdúgbò sì gbọ́, nítorí ariwo yẹn kì í pẹ́ délé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí sáré dé. Ẹnìkan di ẹsẹ̀ Ṣàngóbùnmi mú, ó wọ́ ọ jáde, ẹlòmíràn gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ti gbé pákó lọ́wọ́. Ṣàngóbùnmi kò jà. Badiru nìkan ló tẹjú mọ́, bí ẹni tí kò rí i rí.

Muslimah ló já lu àárín wọn, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n! Ẹ sọ pákó yẹn sílẹ̀, mo ní èmi ni mo bẹ̀ wọ́n!”

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. “Lánàá tí ẹ dé láti Ilé-Ogbó, mo gun àtẹ̀gùn yẹn láti nu dígí ọkọ̀. Ó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wo abẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀tì ti ń tú. Mo sá lọ bá Bàbá Ẹyinjú. Wọ́n ní nítorí àwọn wáṣà tí ẹ dà nù ni. Bàbá Ẹyinjú ni wọ́n ṣa wọ́n nílẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ, ṣé ẹ ò ní sọ pé èmi ni mo tú u?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tí Badiru ì bá sọ gan-an nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onípákó rọra fi pákó rẹ̀ ti ògiri. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ṣàngóbùnmi tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wá bàtà rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá sí ìsọ̀ rẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Ó ti ṣe apá òsì tán. Apá ọ̀tún, níbi tí ìyá yóò gbà wọlé, ló ṣẹ́kù, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì rọ̀ dirodiro.

Ìyá Ràhámọ̀tù ti wà lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti di ọṣẹ àti àádùn tó fẹ́ gbé lọ fún àbúrò rẹ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni Badiru wí. “Mo ti rí bó ṣe yẹ kó rí. Kíá ni n ó dè é.”

“Má dè é. Bí o bá dè é, n kò ní fẹsẹ̀ mi kàn án.”

“Ìyá, Àǹtí Sàrátù ń retí yín!”

“Mo mọ̀ pé ó ń retí mi. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù.” “Badiru, oore ni ọkùnrin yẹn fẹ́ ṣe ọ́, ó sì ní láti jí i ṣe. Ìyàwó rẹ fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, ó ní láti jí i ṣe. Olè wo lo tún ń wá? Ìwọ lo sọ gbogbo wa di olè.”

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Raheemah ni. Ó ní Màmá kò jẹun láti àná, pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọjú sí. Ìyá gbọ́ ọ, ó di ọwọ́ mú lórí itan rẹ̀, kò sì dìde.

Badiru kọjá sódìkejì ọ̀nà. Jalabíà funfun tó fẹ́ wọ̀ kírun Jímọ́ọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, nínú omi ata. Ṣàngóbùnmi ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde nínú ìsọ̀, kò dúró.

“Bàbá Ẹyinjú, ẹ má bínú. Mo ṣe yín. Ẹ darí jì mí.”

Ìgbálẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣàngóbùnmi ní, “Dìde. Aṣọ rẹ ń bàjẹ́.” Ó mú sípánà rẹ̀. “Ìyá rẹ ni n ó ṣe é fún.”

Badiru yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lápò, kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. “Ẹ gbà á. N ó wọlé lọ. N kò ní wo ohun tí ẹ ń ṣe.”

“N kò gbà á,” ni Ṣàngóbùnmi wí. “Bẹ́ẹ̀ ni o kò ní wọlé. O máa jókòó tì mí, kí o máa wò mí. Ohunkóhun tí mo bá mú, kí o rí i. Ohunkóhun tí mo bá fi sí i, kí o rí i.”

Ìyà ńlá nìyẹn fún Badiru, láàárọ̀ tí kò fẹ́ ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wò. Ṣàngóbùnmi á gbé bóòtù sókè, á fi hàn án, kó tó fi sí ihò. Ó fi wáṣà tó ya lẹ́nu hàn án pẹ̀lú. “Kò kán. Ẹnu tó là yìí ló fi ń di nọ́ọ̀tì mú, kó má baà tú bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Láìsí i, ẹ̀rọ mi ì bá ti fọ́n ká sínú ata.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi de ti ìkẹyìn.

Ìyá Ràhámọ̀tù jáde wá. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó sinmi, ó gbé èkejì, ó sì jókòó. Gèlè rẹ̀ kò yẹ̀. “Ẹ ṣé o, Bàbá Ẹyinjú. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí olùrànlọ́wọ́.”

“Àmín, Ìyá. Ẹ bá mi kí wọn ní Kuta.”

Badiru náà fẹ́ dúpẹ́. Ó lanu, ṣùgbọ́n Ṣàngóbùnmi na ọwọ́ sókè. Lójú gbogbo àwọn tó ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta, ó sì gbọ̀n wọ́n. Ìgò áàṣáà kékeré kan jábọ́, pẹ̀lú wáṣà kan tó ya lẹ́nu. Ó mú ìgò áàṣáà rẹ̀. Ó mú wáṣà náà, ó fi lé Badiru lọ́wọ́.

“Ọ̀kan ló ṣẹ́kù,” ló wí. “Tìẹ ni.” Ó kọjá sí ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ tó ṣì yọ sóde.

Badiru wa ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ ń wò. Bí wọ́n ti ń bọ́ sínú kòtò ni wọ́n ń jáde, Badiru sì ń tẹ́tí sí àtẹ̀gùn náà. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan péré, á rí nǹkan dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi, ọkàn rẹ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé Kuta. Kò dún.