Omi Inú Búta Bẹntiróò

Láàárọ̀ àná, iná lọ ní Santasi tí à ń gbé. Sìkírá ọmọ mi fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, kò jí, òórùn bẹntiróò sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Màámá, àwọn tó ta epo yìí ti po omi mọ́ ọn!" Mo ní kó wo ibi tí epo ń gbà kọjá ná. Wọn ò tíì ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò lè rín in. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé èèyàn kúrò ládùúgbò rí, èmi ni mo sì fà á.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní àdúgbò Sawaba. Bàbá mi, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ní ẹ̀rọ ìlọta kékeré kan tí ariwo rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí ààwẹ̀ bá dé, òun ni gbogbo obìnrin gbójú lé láti lọ ẹ̀wà àkàrà àti jéró tí a ó fi ṣe kókó, ẹ̀kọ mímu ìṣínu. Ní òdìkejì títì, ìyá Afíà ń ta bẹntiróò nínú ìgò. Afíà ni ọ̀rẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá gbààwẹ̀, kì í jẹun níwájú mi.

Búta àlùwàlá kan tó ti gbó ni Bàbá fi ń da epo sínú ẹ̀rọ, torí pé ẹnu rẹ̀ gùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, wọ́n ní kí n rọ omi sínú àwọn búta de ìrun Aláásárì. Eré ló wà lọ́kàn mi. Mo rọ omi sínú gbogbo wọn wéréwéré, títí kan ti epo. Òórùn ọwọ́ mi ló sọ fún mi pé mo ti rọ omi sí ti epo. Mo fọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo bá eré mi lọ.

Nígbà tí mo dé, àwọn obìnrin ti tò pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà, Bàbá ti da epo, ó ń fa okùn, ẹ̀rọ ò dáhùn. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi sáńpépà ha á, ó gbé e ti irin, ó tún fa okùn: ó ṣáná dáadáa. Ó gbọn eruku kúrò lára asẹ́ afẹ́fẹ́. Kò jí. Ó wá tú ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ó ro ohun tó wà níbẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Omi wà nísàlẹ̀, epo léfòó lórí rẹ̀.

Oòrùn ń lọ, ebi ń pa Bàbá. Ó pariwo sọdá títì pé, "Ìyá Afíà, omi lo tà fún mi!"

Obìnrin náà ń fi Twi, èdè àwọn onílùú ibẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé òun kọ́. "Ɛnyɛ me o, Alhaji! Ɛnyɛ me!"

Mo sá sẹ́yìn ìyá mi, n ò lanu. Kí ọdún ìtúnu tó dé, kò sẹ́ni tó ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Òun àti Afíà kó lọ sí Krofrom, àdúgbò mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èmi àti Afíà pàdé lọ́jà. Ó dì mọ́ mi. Yorùbá tó kọ́ nílé wa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Títí Maame fi kú, kò ta ìgò kan láì gbé e sí oòrùn wò. Ó ní bóyá lóòótọ́ lòun ṣèèṣì bu omi sí i."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní kó bá mi kí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń lọta ní Sawaba báyìí, búta sì ti di ti rọ́bà. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí ìrun tí n ò lè kà. Ṣùgbọ́n àwọn àáfà wa kọ́ wa pé ohun tí a bá ṣe sí ọmọnìyàn, ọwọ́ rẹ̀ la ti ń gba ìdáríjì. Obìnrin yẹn ti kú. Ẹ̀bi mi ló gbé wọ sàréè, ó rò pé tòun ni.