Ìborùn Ìyá Mi àti Ẹ̀rọ Tó Ń Làágùn

Ẹ bá mi kí ọ̀gá gbogbo ọgbọ́n tí ọmọ aráyé dá: ká fi àkísà nu ohun tó ń jò, ká sì wá orúkọ tó gbayì fún un. Ọba ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, àlùfáà ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, agégi ará Bẹ́yẹrúnkà, ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó gboyè nínú ẹ̀.

Òórùn ọ́ìlì ló ń jí wa láàárọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bàbá mi á gbé ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á máa nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀rọ náà ti gbó kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ń rọ sí i kí ẹ̀wọ̀n eléyín rẹ̀ lè máa yọ̀ kì í yé kán. Bàbá mi á gbé e lé èjìká, á sì gba Bẹẹrẹ níbi tí ojú pọ̀ sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn yá ju ibẹ̀ lọ. Ọ́ìlì á máa kán tẹ̀lé e lójú títì.

"Baba Rìsí, ẹ̀rọ yín tún ti tọ̀ sára o!" Àwọn télọ̀ ibẹ̀ kì í dákẹ́.

"Òógùn ni," bàbá mi á dáhùn láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń làágùn. Tọ̀lẹ ló máa ń gbẹ."

Èmi ni Rìsí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo tiẹ̀ ń fi í yangàn níléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn náà yàtọ̀. Ó ń ta ní imú. Ìyá mi jáde láti ìdí ààrò. "Baba Rìsí, ẹ gbé e jìnnà síná. Èyí kì í ṣe ọ́ìlì."

Bàbá mi ní òógùn ni. Ìyá mi wọlé, ó mú ìborùn funfun tó fi ń lọ sí ásálátù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ gbé e lé èyí. Aṣọ funfun kì í bá èèyàn purọ́."

Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, àbàwọ́n méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀wọ̀n, ó dúdú, ó sì ki; ọ́ìlì tí a mọ̀ nìyẹn. Èkejì wà lábẹ́ táǹkì, ó fẹ̀, ó sì ń rùn bẹntiróòlù. Rọ́bà tó ń gbé bẹntiróòlù wọ ẹnjíìnì ti gbó, ó ti sán.

"Tí ẹnjíìnì bá gbóná tán, ẹ̀yin ló máa jó," ni ìyá mi wí.

Ṣùgbọ́n igi kan ń dúró dè é ní Kúdẹtì, àwọn tó ni ín sì ti ní bí kò bá tètè dé, àwọn á pe ẹlòmíì. Ó tún nu ẹ̀rọ náà. "Òógùn ni." Ó gbé e lé èjìká.

Ìyá mi ò bá a jà. Ó ká ìborùn náà nílẹ̀, ó fi borí, àbàwọ́n wà níta gbangba, ó fà mí lọ́wọ́, a tẹ̀lé e. Bí a ṣe dé Bẹẹrẹ, àwọn télọ̀ pariwo: "Ìyá Rìsí, kí ló ba aṣọ ásálátù yín jẹ́?"

"Òógùn ẹ̀rọ ọkọ mi ni."

Gbogbo ẹni tó bi í, ohun kan náà ló ń sọ, láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òórùn náà dé imú wọn, wọ́n sún sẹ́yìn.

Nísàlẹ̀ òkè Mápó, bàbá mi dúró. Bẹntiróòlù ti rin èjìká bùbá rẹ̀ gbingbin. Ó wo ìborùn náà, ó wò mí, ó rọra sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

"Bẹntiróòlù ni," ó wí.

Ẹlòmíì ló gé igi Kúdẹtì. Bàbá mi ra rọ́bà tuntun, ó darúgbó, ó sì kú sórí ibùsùn rẹ̀ láìní àpá iná kankan lára.

Mo kàwé ju àwọn méjèèjì lọ. Ohun tí àwọn ẹni ńlá ń bò mọ́lẹ̀ ni mo fi ń ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, òun ni mo sì fi ń jẹun. Láàárọ̀ àná, aládùúgbò mi tọ́ka sábẹ́ ọkọ̀ mi, níbi tí nǹkan kan ń kán sí, tó ń ta ní imú. Àwọn ọmọ mi ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀.

"Omi AC ni," mo ní. Mo mú àkísà, mo nu ilẹ̀, mo wakọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fi ìborùn tẹ̀lé mi.

AC ọkọ̀ náà ti kú tipẹ́.