Ikọ́ Bàbá Lẹ́sẹẹsẹ

"Ìyá, ṣé ikọ́ ló ń ṣe gbogbo àwọn ọmọ yìí ni?"

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wa wò ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ti fi áńkáṣífù bo imú. Èmi ni mo ń fọ aṣọ níbẹ̀, mo gbé táwẹ̀lì méje dání. Àwọn ọ̀dọ́langba méje tò níwájú ẹ̀rọ omi, wọ́n ń fọ eyín. Wọ́n fọ ti òkè, wọ́n fọ ti ìsàlẹ̀, gbogbo wọn wá gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yíjú sósì, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọwọ́ lu àyà pẹ́pẹ́, kí wọ́n tó gbé ife omi.

Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe ikọ́, olùkọ́ wọn ni. Kò yé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé dé pé kí dókítà wá yẹ gbogbo ilé wò. Dókítà wá, kò bá nǹkan kan lára àwọn ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ikọ́ ń ṣe ní tòótọ́ nínú ilé náà ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde kó tó kàn án.

Bàbá Lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn. Onígbàjámọ̀ ni kó tó di pé ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó ní ọ̀tísíìmù bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀: ìwẹ̀, eyín fífọ̀, bọ́tìnì dídè, irun fífá. Bí o bá ṣe fi nǹkan han àwọn ọmọ yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò ṣe gbà á, tewé-tegbò. Bàbá a sì máa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bu omi sẹ́nu.

"Ẹnu kan, iṣẹ́ kan" ni òfin rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sọ pé "Lọ wẹ̀" ti di ọgbọ̀n iṣẹ́ sínú ẹrù kan, ó sì ti gbé e ru ọmọ ọlọ́mọ láìfún un ní òṣùká. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, obìnrin tó kàwé gan-an, sọ fún un pé àsọdùn ni. Bàbá jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní kí ọ̀gá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Ọ̀gá ní kó mú bàtà. Ó mú un. Ọ̀gá ní ó yá, kó wọ̀ ọ́. Bàbá ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú bàtà, ó wá ń wo ọ̀gá bí ọmọ tó ń retí oríyìn.

"Bàbá, èwo tún lèyí?"

"Ẹ ò dárúkọ ẹsẹ̀, ọ̀gá."

Nígbà tí irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù lágbọ̀n àwọn ọmọkùnrin, ó fẹ́ bàlúùnù, ó fi ọṣẹ pa á títí ó fi hó, ó ní kí wọ́n máa fi abẹ fá a. Ó ní ẹni tó bá fá bàlúùnù tí kò bẹ́, kò sí àgbọ̀n tí kò lè fá. Bàlúùnù bẹ́. Èyí tó sígbọnlẹ̀ jù nínú wọn, tí ariwo máa ń jó lára bí iná, di etí, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ. Bàbá wọlé tẹ̀lé e. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Bàbá ní àwọn ń ṣèpàdé, wọn ò sì pe ọ̀gá sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, àgbọ̀n ara rẹ̀ ló gbé kalẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọmọ tó wọ abẹ́ tábìlì yẹn náà ló fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Bàbá mọ́ tónítóní, ni aago bá lù, ló bá gbé abẹ kalẹ̀, torí Bàbá ló kọ́ wọn pé bí aago bá ti lù, iṣẹ́ dúró. A bẹ Bàbá kó parí èyí tó kù fúnra rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Ó gbé irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan rìn káàkiri àdúgbò títí di ọjọ́ Ajé, ó ń kí gbogbo ayé. Ẹnì kan bi í bóyá owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó ní rárá o, aago ló lù.

Èmi àti Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà nínú àwọn méje náà. Ìyá rẹ̀ ti kú, èmi ló kù fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ti ga jù mí lọ, èmi ni mo sì ṣì ń wẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bá jí láràárọ̀: bí mo bá kú, ta ni yóò wẹ ọmọ yìí, irú ọwọ́ wo ni yóò sì fi wẹ̀ ẹ́?

Bàbá wá sọ fún mi níṣojú àwọn ènìyàn pé, "Ìyá, ọwọ́ yín ló mọ ìwẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ò tíì ráyè."

Ó dùn mí. Mo dá a padà fún un pé òun náà, ikọ́ ló fi kọ́ ọmọ mi, mo ní kó máa gbé e mì. Ó gbìyànjú, n kò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó so áńkáṣífù mọ́nu, ó pa ikọ́ náà mọ́ra títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, ó yíjú sósì, ó ń dúró kí Bàbá kọ́kọ́ wú u. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí aago fi lù, ọṣẹ ìfọyín ń kán sí i láyà. Bàbá ní mo yọ igi kan kúrò lára àkàsọ̀, mo wá ní kí ọmọ gùn ún. N kò bi í rí pé irú ikọ́ wo ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ní kí n wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kí n ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, kí n má wọlé bó ti wù kó rí. À ń gbọ́ omi. Omi dúró. Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn, mo tún padà sẹ́yìn. Omi tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ mi jáde. Ó ti wẹ̀, ó ti nu ara, ó ti wọṣọ, bọ́tìnì márààrún wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Òun nìkan ló ṣe é. Bàbá ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń retí.

Mo ní, "Ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó di ògiri mú. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ọpẹ́ kì í sá lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá kí i, màá ní ẹ ṣé àná. Ilẹ̀ mọ́, Bàbá ò wá. Wọ́n ní ó wà nílé ìwòsàn. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ó ti lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ẹni pé ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ni ọlọ́ṣà yẹn.

Olùkọ́ tuntun fẹ́ yọ ikọ́ náà kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀, igi àkàsọ̀ ni. Láràárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa nílé, ọwọ́ mi á wà lẹ́yìn. Ọmọ mi á wẹ̀, á fọ eyín, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á lu àyà pẹ́pẹ́, bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́. Èmi náà á wá sọ ọ́ sí ilẹ̀kùn: "Ẹ ṣé àná, Bàbá."

Ilẹ̀kùn á ṣí, ọmọ mi á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún mi pé kò tọ́pẹ́. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn mi.