Bí Mo Ṣe Kọ Bàbá Mi ní Ẹnìkan

Nílé wa ní Kabba, ọmọ tó bá pe bàbá wa ní "ó" máa jẹyán rẹ̀ níṣu. "Wọ́n ti lọ sóko," "wọ́n ń sùn," bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá nìkan ló wà lórí ẹní. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni mo gbé wọnú èdè Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ ló sì kù kó gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi.

Mo ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, mo fìdí rẹmi. Mo tún un ṣe, ó tún já mi kulẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò gbọ́ àlàyé: láìsí Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àyè. Bàbá mi, àgbẹ̀ tí kò kàwé, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan, ará Mopa, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Bàbá mi ní àwọn á máa bá ìyá tíṣà tún ọgbà ṣe dípò owó ẹ̀kọ́, ìyá tíṣà sì gbà.

A máa ń jókòó síta gbangba, a máa bẹ ẹ̀gẹ́, èmi á sì máa ka ohun tí mo kọ sókè. Ìyá tíṣà kì í kọ́ mi ní òfin kankan. Ìbéèrè kan náà ni ṣáá: "Ta ni? Na ìka sí i." Tí mo bá kọ ọ́ pé obìnrin méjì jà, pé ó sì sunkún, ẹ̀gẹ́ méjì á di obìnrin méjì, èmi á sì fọwọ́ kan èyí tó sunkún. Tí n kò bá lè fọwọ́ kàn án, mo máa tún un kọ ni. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé mo gbọ́ òórùn ẹ̀wà tó jóná, ìyá tíṣà fà mí létí, wọ́n ní ṣé etí yìí ló gbóòórùn. Ẹ̀rín pa mí, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ kó tó kúrò lára mi. Ti bàbá mi ni kò kúrò.

Lọ́jọ́ kan, mo kọ ọ́ pé bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ ká mángòrò, pé "they" sì já bọ́ láti orí igi. Ìyá tíṣà bi mí pé àwọn mélòó ló já bọ́. Mo ní ẹnìkan ni, bàbá mi.

"Na ìka sí i."

Bàbá mi wà nínú ọgbà níwájú wa, wọ́n ń so igi ọgbà. Ọwọ́ mi kọ̀, kò gbéra. Ta ló ń na ìka sí ẹni tó bí i lọ́mọ? Olóríkunkun ni mí. Mo ní tó bá jẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí nìyí, kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa lọ. Omi sì ti lé ròrò lójú mi.

Ìyá tíṣà pe bàbá mi, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún wọn. Bàbá mi fi ṣòkòtò nu ọwọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dijú. Lẹ́yìn náà wọ́n wá dúró síwájú mi.

"Ọmọ mi, èmi nìkan ni mo já bọ́. Má fi ìṣubú mi kó bá àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kọ mí ní ẹnìkan nínú ìwé àwọn òyìnbó. Tí o bá kọ ọ́ tán, kí o wálé wá kúnlẹ̀ kí mi."

Mo na ìka. Mo pa "they" rẹ́, mo kọ "he".

Mo yege lọ́dún náà, mo sì ti di nọ́ọ̀sì. Tí bàbá arúgbó méjì bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun síra, tí mo sì kọ "they" nípa ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ọ̀kan lè bá èkejì. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tíṣà lójoojúmọ́ ayé mi. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá gbó, mo ṣì máa ń lọ bá wọn bẹ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀, wọ́n sì dá wọn dúró ní wọ́ọ̀dù wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń kọ bí wọ́n ṣe sùn àti bí wọ́n ṣe mu ògì. Bàbá mi ń wo bíírò mi.

"Ṣé o ti kọ mí tán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Èèyàn mélòó?"

"Ẹnìkan, bàbá."

Mo gbé bíírò sílẹ̀, mo káṣọ iṣẹ́ mi, mo kúnlẹ̀ sórí táìsì lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, mo kí wọn bí a ṣe ń kíni ní Kabba.

"Okun o, bàbá."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.