Ọrùn Tí Kò Yí Mọ́

Ní ọjọ́ tí Lateefat pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, orí ń fọ́ ọ láti àárọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ kéèkì tí ọkọ rẹ̀ rà wálé, ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé iwájú orí lé ara ògiri kó lè gba ìtutù ibẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Abdulmuiz, nígbà tó kú. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló rántí. Ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ Lateefat ní Mushin, ìyá yìí gan-an ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Abdulmuiz ṣubú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkùnrin náà fi ń di orí mú, tó ń lo oògùn, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọ́rà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó lóṣòó láti ṣe àlùwàlá, kò sì dìde mọ́. Àwọn dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́ta rèé, bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ kan orí nínú ilé yẹn, ì báà jẹ́ pé ìbòrí ló fẹ́ tún ṣe, Màmá á dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró, á máa wò ó.

Bí Lateefat ṣe kọ́ bí èèyàn ṣe ń ní ẹ̀fọ́rí láìjẹ́ kó hàn nìyẹn. Kì í di orí mú. Kì í dijú. Ńṣe ló máa ń di eyín pọ̀, á gbé èjìká sókè, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìwé títẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Èbúté Mẹ́ta nígbà tí táípúráítà ò tíì kúrò lóde, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Sábó láti ọdún méjìdínlógún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n á kó iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá, tí àwọn olùkọ́ ti fi bírò pupa kọ àtúnṣe sí gbogbo ara rẹ̀, Lateefat á sì tún un tẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orí àga kan náà ló ń wà.

Ẹ̀fọ́rí yẹn kì í sọ ọ́ kì-kì-kì. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi gèlè líle wé e lórí, tó sì ń fún un díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń ti ìpàkọ́ gòkè wá, á gba ẹ̀yìn etí méjèèjì kọjá, á wá jókòó sí iwájú orí. Tó bá di ọ̀sán, èjìká rẹ̀ á ti le bí igi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti di ojoojúmọ́. Hóró oògùn méjì ló ń mú un rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di mẹ́ta, mẹ́ta náà di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bùọ̀dá Yẹ̀kínnì tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Aneesah, ṣebí àná lẹ ra èyí?"

"Ti Glory ni," ló dá a lóhùn.

Glory ni ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń di ìwé tí Lateefat bá tẹ̀. Wárí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àmọ́ Mushin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì yá ju ti Lateefat lọ. Orí kì í fọ́ Glory.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, Lateefat jí, ọrùn rẹ̀ ò sì yí mọ́. Muadh, ọmọ rẹ̀ kékeré, dúró lápá òsì rẹ̀, ó ń béèrè ìbọ̀sẹ̀. Lateefat fẹ́ wò ó, àfi kó yí gbogbo ara. Ìrora kan ta láti ìpàkọ́ dé èjìká. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn lára wọn. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ó ti dé nìyí.

Kò pariwo. Ó fún ọmọ ní ìbọ̀sẹ̀, ó wọṣọ, ó lọ síbi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń dúró dè é níbẹ̀, tó gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún olùkọ́ kó tó di aago mẹ́rin. Lateefat gbé oògùn mẹ́ta mì, ó jókòó, ó ń tẹ̀wé, ó sì ń yí láti ìbàdí sókè bí ẹni tí wọ́n fi pákó dè lẹ́yìn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde lọ ra omi. Lateefat ṣí ojú ewé tuntun kan. Ó kọ sókè rẹ̀ pé: *Tí nǹkan bá ṣe mí.*

Ó kọ pé kí Awwal, ọkọ òun, má jẹ́ kí Màmá dá gbé. Ó ní kí wọ́n má yọ Aneesah kúrò ní ilé ìwé tó wà nítorí pé ó jìnnà. Ó kọ inú àpótí tí ẹ̀rọ tí Muadh fi ń mí wà, bí ikọ́ fée bá gbé e. Ó kọ orúkọ obìnrin tí òun fẹ́ kó wẹ òkú òun. Kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ó fi ìwé náà pamọ́ sójú kan náà tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà wà lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó wá ní kí ẹ̀rọ tẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sórí bébà, gbogbo rẹ̀ náà ló tẹ̀.

Glory ló ń to ìwé náà kó lè dì í. Ó dé orí ewé kan, ó dúró.

"Àǹtí, ta ló ni èyí?"

Lateefat fẹ́ yíjú, ọrùn ò jẹ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Fún mi wá."

"Mo ti kà á."

"Glory, mo ní kí o fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ohùn Glory ti lọ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ ṣe ara yín ní nǹkan ni?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ikú ló fẹ́ pa mí, èmi kọ́ ni mo fẹ́ pa ara mi." Bí ó ṣe sọ ọ́ jáde báyìí ni gbogbo ìyókù tẹ̀ lé e. Ó sọ ti ẹ̀fọ́rí, ó sọ ti ọrùn, ó sọ ti oògùn tó ń rà ní orúkọ Glory. Ó sọ ti Abdulmuiz.

Glory mú àpò ọwọ́ Lateefat lórí ìṣó tó fi kọ́. "Ẹ dìde."

"Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

"Màá dì í kíákíá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ máa wọ bàtà yín."

Ó dì í lóòótọ́, ó gbé e fún ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń pe Awwal lórí fóònù bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ọsibítù kan ní Surulere ni wọ́n lọ. Awwal, tó ń tún fíríìjì ṣe, dé bá wọn lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo. Glory na ìwé náà sí i. Ó kà á tán, ó tún un kà. Èèyàn mọ́kànlá ló ṣì wà níwájú wọn.

"Orúkọ mi wà nínú ìwé yìí nígbà mẹ́fà," ni Awwal wí níkẹyìn, "o ò sì pè mí lẹ́ẹ̀kan kí o sọ fún mi."

Glory padà sí Sábó. Tọkọtaya náà jókòó fún wákàtí méjì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti gbé ẹnì kan kọjá lórí àkéte, Lateefat á wolẹ̀.

Dókítà Ọlápàdé, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ló rí wọn. Ó tan iná sí ojú Lateefat lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kó rẹ́rìn-ín, kó yọ ahọ́n, kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ọwọ́ òun, kó rìn lórí ìlà kan láti ògiri dé ògiri. Ó fi ọwọ́ rọra tẹ orí rẹ̀ síwájú títí àgbọ̀n fi kan àyà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n.

"Ṣé ẹ̀fọ́rí yìí dé lójijì, bí ìgbà tí nǹkan bú gbàù?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹ ti bì? Ṣé ẹ ń rí nǹkan ní méjì-méjì? Ibà ńkọ́?"

"Rárá."

"Ọjọ́ mélòó nínú ọ̀sẹ̀ lẹ fi ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, mà."

Awwal tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Lateefat wo ìwé, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni," ló wí. "Mẹ́fà lójúmọ́. Ó ti lé lóṣù méjì."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Oògùn yẹn wà lára ohun tó ń fọ́ yín lórí. Bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́, orí á tún máa fọ́ bó bá ti ń tán lára, a ó sì tún lo òmíràn. Èkejì ni ọrùn. Àwọn iṣan ọrùn àti èjìká yín ti le gbagidi, àwọn ló ń fa orí yẹn mọ́ra. Ìka tó ń ṣe yín bí èèrà, láti ọrùn náà ni."

"Ṣé kì í ṣe ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi?"

"Gbogbo ohun tí mo rí lónìí ò jọ ọ́. Mi ò lè búra fún yín nípa ọ̀la, nítorí náà ẹ fetí sí mi. Bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tó le ju gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti ní rí lọ, bí ojú bá ṣú, bí ẹnu bá wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, ẹ má dúró lo oògùn, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ga díẹ̀, a ó tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé wọ́n wọn ti ẹ̀gbọ́n yín rí?"

"Kò dé ọsibítù rí, mà. Ọjọ́ tó ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ."

"Ẹ̀yin ti wá," ni dókítà wí. Ibẹ̀ ni Lateefat ti sunkún.

Wọ́n ní kó lọ rí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jídé, tó ń tọ́jú iṣan àti eegun nínú ọsibítù kan náà. Jídé ò tètè fọwọ́ kàn án. Ó fún un ní àga àti tábìlì, ó ní kó jókòó bó ṣe ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Lateefat jókòó, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń tẹ̀wé, ojú rẹ̀ sì gba apá òsì lọ pẹ̀lú gbogbo bí ọrùn ṣe ń dùn ún.

"Ta lẹ ń wò níbẹ̀?" ni Jídé bi í.

"Ìwé tí mò ń tẹ̀ ni."

"Ọdún mélòó lẹ ti ń wò ó?"

Lateefat ronú. "Méjìdínlógún."

Jídé fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan lábẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀, ẹ̀fọ́rí náà sì jí gẹ́lẹ́ níbi tó máa ń jókòó sí. Ó yà á lẹ́nu pé ẹlòmíràn lè fi ìka kan ohun tó ti ń dá bá jà láti ọjọ́ yìí. Jídé kọ́ ọ bí á ṣe máa fa àgbọ̀n sẹ́yìn, bí á ṣe máa rọra tẹ etí sọ́nà èjìká, bí á ṣe máa fi aṣọ ìnura gbígbóná lé ọrùn. Ó ní kó gbé ìwé wá sí iwájú gan-an, kó gbé kọ̀ǹpútà sókè dé ojú rẹ̀, kó sì máa dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. "Eyín yín náà," ló fi kún un. "Ètè lè fara kanra. Eyín ò gbọdọ̀ fara kanra."

Kò rọrùn bó ṣe rò. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bó bá dá oògùn dúró, orí á kọ́kọ́ le sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ń gún un lójú, ó sì ti jágbe mọ́ Glory lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó gba ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá Yẹ̀kínnì lọ. Kò tíì la ẹnu, ọkùnrin náà ti na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó ti mú oògùn náà sọ̀kalẹ̀. Lateefat dúró, ó ń wo ọwọ́ yẹn.

"Omi ni mo fẹ́ rà," ló wí.

"Omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Omi tútù."

Ó mu ún lórí ìdúró níta, òógùn bò ó, ó sì ń bẹ̀rù pé bóyá ohun kan wà tí dókítà ò rí. Ọjọ́ kẹfà burú. Ọjọ́ keje burú. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó tẹ ojú ewé mẹ́rìnlá kó tó rántí pé òun ní orí.

Ó ku Màmá. Awwal ní òun ò ní bá a sọ ọ́, pé Lateefat fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé, Lateefat sì jókòó tì í.

"Màmá, orí ti ń fọ́ mi láti bí oṣù márùn-ún."

Ìyá ò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ kan orí, Lateefat. Ìwọ nìkan ni kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Mò ń wò ọ́, mò ń dúró kí o sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè." Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Kí ni wọ́n rí?"

Lateefat sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ àwọn àmì tó lè gbé e padà sọ́sibítù kúrò níbẹ̀. Màmá gbọ́ ọ dópin, ó sì ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun náà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ náà, tirẹ̀ ló ga jù nínú ilé. Ó ti ń lo oògùn rẹ̀ báyìí láràárọ̀. Ti Lateefat ti wálẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí ò tíì fi í sílẹ̀ pátápátá. Nínú oṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ló wá, pàápàá lọ́sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá ti wá, á sọ ọ́ sókè fún ẹni tó bá wà nítòsí, á gbé omi kaná, á fi aṣọ ìnura gbígbóná lé ọrùn, á sì dùbúlẹ̀. Ní Sábó, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí páálí bébà méjì. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, Glory á fi irin tó fi ń dá ihò sára ìwé gbá tábìlì, Lateefat á sì dìde, kódà bó bá ku ìlà kan ṣoṣo kí ojú ewé náà parí.