Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí A Fi Ṣọ́ Bánidélé

Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ògiri amọ̀ ilé ìdáná Ìyá Ẹlẹ́ní, mo gbé etí lé e, mo ń retí kí ajá mu omi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Èéfín ẹja tí ìyá mi àgbà ń yan ti gba gbogbo àgbàlá, ó ń ta mí lójú, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ fọwọ́ nu ojú, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá mira, n kò ní gbọ́. Mo gbọ́ nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́ní gbé àwo omi kalẹ̀. Mo gbọ́ okùn tó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo ka ení, mo ka èjì, mo kà á dé ẹ̀sán. Ìgbà náà ni mo wá gbọ́ ahọ́n ajá nínú omi, là, là, là. Mo rọra jókòó sílẹ̀. Ó ti mu omi. Ìyẹn ni pé n kò tíì ní kú lónìí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ìkòròdú ni àwọn òbí mi ń gbé, ní Lásunwọ̀n. Nígbà tí ìyá mi bí ìbejì, wọ́n mú mi wá sí Ẹ̀pẹ́ sọ́dọ̀ ìyá tó bí i, pé kí n wà níbẹ̀ títí àwọn ìbejì yóò fi rìn. Ìyá mi àgbà ń yan ẹja, ó ń tà á ní Ọjà Olúwo. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni. Bí ajá bá fara kan aṣọ rẹ̀ báyìí, yóò tún àlùwàlá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì jẹ́ pé ògiri kan ló wà láàárín àwa àti ajá.

Ìyá tó ni ajá náà ń hun ẹní. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ìyá Ẹlẹ́ní ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi nítorí ewé ẹní tó ń bó lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ tó bí kò sí mọ́. Bí o bá wọ ilé rẹ̀, òórùn ewé tútù tí wọ́n rẹ sínú omi ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, lẹ́yìn náà ìró ọwọ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, bí ó ti ń ti ewé kan bọ abẹ́ èkejì. Ajá rẹ̀ a máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀. Ajá pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Ìyá náà ní ọmọ ajá ni nígbà tó tẹ̀ lé òun láti ẹ̀bá ọ̀sà lọ́jọ́ kan tí òun lọ gé ewé, pé ó rìn títí tó fi bá òun wọlé. Bánidélé ló sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, yóò ní, “Ta ló tún kù tó ń bá mi délé?”

Ẹní tí ìyá mi àgbà fi ń kírun, Ìyá Ẹlẹ́ní ló hun ún. Ó so ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé fún gbogbo ọjọ́ tó fi hun ún, kí irun ajá kankan má bàa wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀.

Ọjọ́ ọjà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo wà nídìí àtẹ ẹja nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe “Dìgbòlugi!” láti apá ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ariwo tó tẹ̀ lé e, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn ìyá àgbàlagbà gun orí tábìlì. Ìyá mi àgbà fà mí lápá, ó jù mí sórí àpótí, òun náà sì gòkè. Mo rí ajá náà. Dúdú ni, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni, ó kàn ń rìn wọ́gọwọ̀gọ bí ẹni tó ti mutí yó. Ó kọjá lábẹ́ wa, ó gba ọ̀nà àdúgbò wa lọ. Kí àwọn ọkùnrin tó fi kùmọ̀ pa á ní òpin ọ̀nà, ó ti bu ewúrẹ́ méjì jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bánidélé kò wá pàdé ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti wà nílé, ó ká jọ sábẹ́ àwọn ewé. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ọjọ́ kejì, mo yọ́ lọ bá a bí mo ti máa ń ṣe tí ìyá mi àgbà bá lọ sọ́jà. Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn, ọwọ́ mi sì gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ kọjá. Ó han, ó yí orí padà, eyín rẹ̀ sì wọ ọrùn ọwọ́ mi. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó jù mí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì fi ikùn wọ́lẹ̀ wá sídìí ẹsẹ̀ mi, ó ń wò mí. N kò sunkún. Mo kàn ń wo ihò kékeré méjì tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ nínú wọn.

Mo fi àkísà di ọwọ́ náà. Mo sọ fún ìyá mi àgbà pé eegun ẹja ló gún mi. Ohun méjì ni mo ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, wọn yóò pa Bánidélé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Mo sì ti gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ilé kéú ń sọ, pé ẹni tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ, yóò máa gbó bí ajá, yóò máa sá fún omi, yóò sì kú. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mu omi, màá kọ́kọ́ wo inú ife fún ìgbà pípẹ́, màá wò ó bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹta tó ti bù mí jẹ, Ìyá Ẹlẹ́ní pè mí pé kí n wá bá òun di etí ẹní mú. Àkísà náà yọ. Ó wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tirẹ̀ sì dúró lórí ewé.

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Eegun ẹja ni, mà.”

“Eegun ẹja kì í ní eyín méjì. Ajá wo ni?”

Mo bú sẹ́kún. Mo wo Bánidélé, ó sì tó. Ó bi mí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo na ìka mẹ́ta sókè. Ó dìde. Ó kọ́kọ́ mú okùn, ó so ajá náà mọ́ òpó inú ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ló wá di ọwọ́ mi kejì mú, ó mú mi lọ bá ìyá mi àgbà nídìí ààrò. Ó ní, “Ajá mi bu ọmọ yín jẹ. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta.” Ó sọ ọ́ tán, ó dúró.

Ìyá mi àgbà fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà léraléra títí mo fi ń ké. Àdúgbò pé. Àwọn ọkùnrin mú kùmọ̀ dání, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà ilé ìdáná. Ìyá Ẹlẹ́ní lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyá, ẹ yà fún wa. Ajá lajá ń jẹ́.”

“Bí ẹ bá pa á lónìí, báwo la ṣe máa mọ ohun tó wà lára ọmọ yìí?” Kò gbé ohùn sókè. “Àbúrò mi ọkùnrin, ajá ilé wa ló bù ú jẹ. Wọ́n pa ajá náà lójú ẹsẹ̀. A ò mọ̀ bóyá ara ajá yá, a ò mọ̀ bóyá kò yá. Oṣù méjì la fi jókòó, tí à ń wo ojú ọmọ. A kàn ń wò ó ni. Ìgbà tó kọ omi la tó mọ̀.”

Ìyá mi àgbà ló dá wọn lóhùn. “Ẹ fi ajá sílẹ̀. Ẹ lọ pe wolé-wolé.”

Wolé-wolé dé pẹ̀lú ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ àìsàn ajá dìgbòlugi kò sí ní Ẹ̀pẹ́, Èkó ni wọ́n ti máa lọ wá a. Kí wọ́n ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí nǹkan kan bá ṣe é láàárín rẹ̀, kí wọ́n gbé mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láìdúró. Bí ara rẹ̀ bá yá títí ọjọ́ yóò fi pé, a jẹ́ pé nígbà tó bù mí jẹ, kò sí májèlé lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí mi ṣe wá so mọ́ okùn ajá. Àràárọ̀ ni mò ń lọ sẹ́yìn ògiri yẹn. Ìyá mi àgbà mọ̀, kò lé mi. Bí mo bá padà, yóò gbé ojú sókè láti ibi ẹja, màá mi orí pé ó ti mu omi, òun náà á sì ṣí àwo ẹ̀kọ fún mi. Ní ọjọ́ kẹrin ìṣọ́ náà, ajá kò jẹun. Ní ọjọ́ kẹfà, kò mu omi. Mo kà á dé ọgọ́rùn-ún, mo tún un kà. Ìyá mi àgbà ti di aṣọ mi sínú ìdì, ó ti rán ẹnì kan sí etí omi kó lọ béèrè ọkọ̀. Mo ń gbọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ní ń bá ajá sọ̀rọ̀ nínú ilé, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́: “Mu ún, Bánidélé. Mu ún nítorí ọmọ.” Oòrùn ti wà lókè orí kí ó tó mu ún.

Ọjọ́ mẹ́wàá pé. Wolé-wolé dé, ó gba ojú fèrèsé wò ó, ajá sì ń ju ìrù sí i. Ó ní ó parí, ewu kò sí fún ọmọ. Ìyá mi àgbà forí kanlẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń wí pé, “Alihamudulilai.” Èmi sáré lọ sídìí òpó láti tú okùn.

“Má tú u,” ni Ìyá Ẹlẹ́ní wí.

Ó kọjú sí wolé-wolé. “Ẹ wo ẹ̀yìn etí ọ̀tún rẹ̀. Ojú eyín ajá ni. Ajá ọjọ́ ọjà yẹn ló bù ú jẹ. Ọjọ́ kejì tí mo so ó ni mo rí i. Mo dákẹ́ torí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ máa pa á, a ò sì ní mọ ti ọmọ.”

Ọ̀dọ́ ni wolé-wolé náà, kò le tó aṣọ tó wọ̀. Ó ní, “Ìyá, ó lè pẹ́ tó oṣù méjì, mẹ́ta, kó tó ya wèrè. Ó sì lè má ya á. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Èmi ò tíì rí nǹkan kan.”

“Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí, ẹ ṣeun,” ni ìyá náà wí. “Ọmọ pọ̀ ní àdúgbò yìí.”

Òun fúnra rẹ̀ ló fún Bánidélé ní oúnjẹ. Òun ló tú okùn lára òpó, òun ló sì fà á lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà, wolé-wolé ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìbọn. Ajá náà ń sáré níwájú, ó rò pé ewé ni wọ́n ń lọ gé. Ìyá mi àgbà di etí mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ohun tí n kò retí ni ohun tí ìyá mi àgbà ṣe. Ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná fún ẹnì kan, ó gbé ẹní ìkírun rẹ̀, ó wọ ilé Ìyá Ẹlẹ́ní lọ. Ibi tí ajá máa ń sùn ló tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ló ti kí ìrun Àsárì, kò sì jáde títí ó fi kí ti Mọ̀gàríbà.

Èmi bínú. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bí mo bá rí Ìyá Ẹlẹ́ní, màá gba ọ̀nà mìíràn. Lábẹ́ ìbínú náà, nǹkan kan wà tó burú jù ú lọ, òun ló sì mú mi lọ bá a níkẹyìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Mà, èmi ni mo pa á. Ká ní mi ò fọwọ́ kàn án ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ewé. “Ká ní o ò fọwọ́ kàn án, mi ò ní so ó, mi ò ní wo etí rẹ̀. Àárín yín ni ì bá ti ya wèrè.” Ó ti ewé kan bọ abẹ́ èkejì. “Jókòó. Bá mi di etí ẹní mú.”

Lónìí, mo ti dàgbà ju bí Ìyá Ẹlẹ́ní ti dàgbà lọ nígbà náà. Ìkòròdú ni mo padà sí, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, tí mo bímọ. Nígbà tí dókítà sọ fún mi pé àìsàn tó ń ṣe ọkọ mi kò gbóògùn, gbogbo ẹbí ní ká má sọ fún un, ká máa rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu yàrá, n kò fẹ́ wọlé. Ìyá tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn ni mo rántí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ. Lọ́jọ́ tó fa ajá rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà, mo gba abẹ́ apá ìyá mi àgbà wo ẹsẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́ní méjèèjì bí ó ti ń kọjá lọ. Wọ́n ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kan fi bọ́ sílẹ̀, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ̀rù ń bà á gẹ́gẹ́ bó ti ń ba èmi. Síbẹ̀, ó ń lọ.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo jókòó ti ọkọ mi, mo sì sọ fún un.